Theodor Kocher, Oníṣègùn Gẹ̀gẹ̀

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àrùn àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Tọmọdé tàgbà ní Ìrẹsà àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Ní Switzerland, ilẹ̀ olókè kan ní Yúróòpù, àrùn náà gbilẹ̀ púpọ̀ láyé àtijọ́, nítorí pé áyódíìnì ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ní ìlú Bern ní ilẹ̀ náà ni a bí Theodor Kocher sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1841. Ó gba oyè dókítà ní 1865, ó sì lọ kọ́gbọ́n sí i ní Berlin, Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Ní 1872, kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí a fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Bern.

Ohun ẹ̀rù ni iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1850, bí a bá la ènìyàn mẹ́wàá, bí mẹ́rin ni ó ń kú. Onígẹ̀gẹ̀ ìṣáájú sì ti ba ti ìkẹyìn jẹ́. Kocher kò kánjú. Ó ń di ojú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gé e, ó ń fi oògùn apakòkòrò fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń yẹra fún iṣan tí ó ń darí ohùn. Nígbà tí ó fi di 1912, ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, àwọn tí ó sì ń kú kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan ba inú rẹ̀ jẹ́. Ní 1874 ó gé gbogbo táírọ́ìdì ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan kúrò. Ọgbẹ́ náà jinná dáadáa. Lẹ́yìn náà ni dókítà tí ó rán ọmọ náà wá sọ fún un pé ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ọmọ náà kò dàgbà mọ́, ojú rẹ̀ wú, ọpọlọ rẹ̀ sì kú. Àbúrò rẹ̀ tí ó jọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti ga jù ú lọ. Kocher ìbá dákẹ́, nítorí ìyìn rẹ̀ ti kàn káàkiri. Kò dákẹ́. Ní 1883 ó pe àwọn tí ó ti gé gbogbo táírọ́ìdì wọn padà. Nínú àwọn méjìdínlógún tí ó yẹ̀ wò, mẹ́rìndínlógún ni ara wọn ti bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí ìpàdé àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Berlin lọ́dún yẹn, ó sì jẹ́wọ́ pé abẹ òun ni ó fà á. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi apá kan táírọ́ìdì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti rí i kedere pé táírọ́ìdì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní 1891, Murray ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi omi tí a fún láti inú táírọ́ìdì àgùntàn tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Ní 1909, ọdún kejì tí Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́, Kocher gba ẹ̀bùn Nobel, oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1917. Ní 1922 ni ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi áyódíìnì sínú iyọ̀.

Lóde òní, kókó gẹ̀gẹ̀ tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kì í ṣe jẹjẹrẹ lè má fẹ́ abẹ rárá. Dókítà a pa ọrùn kú, a fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo inú rẹ̀, a sì ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú kókó náà. Iná mànàmáná a mú un gbóná títí yóò fi kú, yóò sì máa sún kì díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, láìfọwọ́ kan èyí tí ó le nínú táírọ́ìdì. Ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ ńlá tí ó fún ọ̀nà èémí pa ṣì ń fẹ́ abẹ, irinṣẹ́ tí a fi ń di ìṣàn ẹ̀jẹ̀ mú sì ń jẹ́ orúkọ Kocher títí di òní.