Mary Anning àti Òkè Etíkun Lyme Regis

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin wa, ẹni tí a mú wá fún yín lóṣù yìí kò dé ilé ẹ̀kọ́ gíga rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ olówó. Mary Anning ni orúkọ rẹ̀. Ní May 21, 1799 ni wọ́n bí i ní Lyme Regis, ìlú kékeré kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì ju ọmọ ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ nígbà tí àrá pa obìnrin mẹ́ta lábẹ́ igi kan. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé e dání. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí ọmọ náà sí.

Kí ìtàn yìí tó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú òkúta tó wà níbẹ̀. Àwọn òkè tó dúró bí ògiri létí òkun kì í ṣe irú kan náà. Ní Land's End, giranáìtì ni wọ́n, òkúta líle tí a máa ń fọ́ fi da kọnkéré. Ìgbì òkun a máa lù ú, kò sì tètè jẹ ẹ́. Ti Dover jẹ́ òkúta ẹfun funfun. Ti Lyme Regis, tí wọ́n ń pè ní Blue Lias, yàtọ̀ sí méjèèjì: ìpele òkúta líle, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, àti ìpele òkúta amọ̀ rírọ̀ ni wọ́n tò léra wọn bí ojú ewé ìwé. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí ẹranko inú òkun bá kú, ẹrẹ̀ a bò ó mọ́lẹ̀, egungun rẹ̀ a sì di òkúta.

Yanrìn ló wà lókè pátápátá. Omi òjò ń gba inú yanrìn wọlẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan amọ̀, kò rí ọ̀nà kọjá. Amọ̀ a máa yọ̀, òkè a sì ya lulẹ̀. Ìgbì náà kò sinmi, ẹsẹ̀ òkè ló ń jẹ. Ìgbà òtútù ni ó burú jù, ìgbà náà gan-an sì ni Mary máa ń jáde, nítorí ohun tí òkè bá tú síta, bí a kò bá tètè mú un, òkun a gbé e lọ.

Kápẹ́ńtà ni bàbá rẹ̀, ó sì ń ta àwọn òkúta bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Ọdún 1810 ló kú, gbèsè ló fi sílẹ̀. Ní 1811, Joseph ẹ̀gbọ́n Mary rí orí ẹranko ńlá kan. Ní ọdún kejì Mary rí ìyókù ara rẹ̀. Ichthyosaur ni, £23 ni wọ́n sì tà á. Ní 1823 ó rí plesiosaur ọlọ́rùn gígùn kan lódindi. Ọ̀mọ̀wé Cuvier ti ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni, kó tó wá gbà. Ní 1828 ó rí ẹranko abìyẹ́ kan.

Kò lọ ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kankan. Ọwọ́ ni ó fi ń da ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kọ, ó sì ń la ẹja lójú kó lè mọ bí egungun ṣe so mọ́ra. Síbẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kọ ìwé lórí wọn, tí wọn kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Lójú tiwa, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ọdún 1919 ni Geological Society ti Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin wọ ẹgbẹ́.

Ní 1833, òkè ya, ó pa Tray, ajá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Ó ṣì padà sídìí iṣẹ́. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á ní March 9, 1847, lẹ́ni ọdún 47. Láti 2022 ni ère rẹ̀ ti wà ní Lyme Regis, Tray sì wà pẹ̀lú rẹ̀.