Thunder Balógun: Agbára Ń Lọ, Ẹ̀kọ́ Ń Kù

Ẹ kà: Oníwàásù 12:1-7, 2 Tímótì 2:1-2.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá kọjá ní pápá ilé-ìwé ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù láì wọ bàtà. Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn.

Ní ọdún 1949, àwọn ọmọ Nàìjíríà 18 wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà, síbẹ̀ wọ́n fi góòlù 5 sí 2 borí ẹgbẹ́ Marine ní agbègbè Liverpool. Tèsílímì Balógun wà lára wọn. Nítorí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ le bí àrá, Thunder ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1955, ó padà lọ síbẹ̀ láti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó kọ́kọ́ wà ní Peterborough. Ní ọdún 1956 ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ìdíje líìgì 13 péré ni ó gbá fún wọn, ó sì gbá góòlù 3 wọlé.

Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ kò yá bíi ti àtijọ́ mọ́? Kò jókòó máa ka ìtàn ògo àná. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì padà wálé láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní 30 July 1972, ó kú lójú oorun ní Ìbàdàn. Pápá ìṣeré tí a ṣí ní Sùúrùlérè ní ọdún 2007 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wí pé kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ẹ rántí pé ará Samáríà ni Olúwa wa fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn Júù.

Ará, ìwọ ńkọ́? Ohùn tí o fi ń darí akọrin yóò rẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ojú tí o fi ń ka Bíbélì fún kíláàsì yóò ṣú. Bí o kò bá fi iṣẹ́ náà lé ẹnìkan lọ́wọ́, ìwọ àti iṣẹ́ náà ni yóò jọ wọ ilẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti fi èyí kọ́ Tímótì.

Ìbéèrè
1. Iṣẹ́ wo ni Ọlọ́run fi sí ọ lọ́wọ́ nínú ìjọ?
2. Ta ni ò ń kọ́ lọ́wọ́ láti ṣe é lẹ́yìn rẹ?
3. Kí ni ó ń mú kí àgbà má fẹ́ fi ipò sílẹ̀ fún ọ̀dọ́?