Àlùfáà Tí Ó Jẹ̀bi Lẹ́ẹ̀mejì

Olùfẹ́, ènìyàn lè máa dúró nídìí pẹpẹ kí ọwọ́ rẹ̀ má sì mọ́. Wo Bartolomé de las Casas, ọmọ ìlú Seville ní Sípéènì. Ní 1502 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Hispaniola, lẹ́yìn náà ó dé Kúbà. Àlùfáà ni, síbẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tipátipá fún un.

Ní 1514, bí ó ti ń múra ìwàásù, ó rí i nínú ìwé Sirach (ó lè má sí nínú Bíbélì tí o mú lọ́wọ́ yẹn) pé Ọlọ́run kì í gba ọrẹ tí a fi ohun ìrẹ́jẹ rú. Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó yọ̀ǹda àwọn ènìyàn náà, ó sì bá àwọn ọlọ́rọ̀ wí nínú ìwàásù. Wọ́n kórìíra rẹ̀. Ìjà rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú Ọba Carlos ṣe Òfin Tuntun ní 1542.

Ṣùgbọ́n má tíì pàtẹ́wọ́. Ní 1516, kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lè sinmi, ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n kó àwọn ẹrú mìíràn wá, àti aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Òwò náà ti wà ṣáájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ẹnu bọ̀ ọ́. Òwò yìí kan náà ni ó gbé àwọn ọmọ Yorùbá dé Kúbà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

Nígbà tí ó mọ bí àwọn Potogí ṣe ń kó wọn ní Áfíríkà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ìwà ìkà kan náà ni, àti pé kò dá òun lójú bóyá àìmọ̀ yóò gba òun sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ó kú ní Madrid ní 1566. Wọn kò tẹ ìwé náà títí di 1875.