Luis Leloir, ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ ṣúgà nínú ara

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1906, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, a bí ọmọkùnrin kan tí kò rí ojú baba rẹ̀. Ará Ajẹntínà ni àwọn òbí rẹ̀. Àìsàn ni ó gbé baba náà wá sí Paris, ó sì kú kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ. Luis Federico Leloir ni orúkọ ọmọ náà. Ní ọdún 1908, ìdílé rẹ̀ padà sí Buenos Aires, olú-ìlú Ajẹntínà.

Ọlọ́rọ̀ ni ìdílé náà, wọ́n sì ní ilẹ̀ oko púpọ̀. Síbẹ̀, ìwé kò tètè rọ Leloir lọ́rùn. Nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ìgbà mẹ́rin ni ó ṣe ìdánwò nípa ẹ̀yà ara kí ó tó yege. Kò jáwọ́. Ní ọdún 1932, ó di dókítà. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, ó rí i pé àìsàn tí oògùn ìgbà náà kò ràn pọ̀ jọjọ. Nítorí náà, ó lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n Bernardo Houssay, kí ó lè wádìí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1943, Houssay fọwọ́ sí ìwé kan tí ó béèrè fún ìjọba tí ará ìlú yàn. Àwọn ológun tí ń ṣe ìjọba lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Leloir kò fẹ́ dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ó padà dé, oníṣòwò aṣọ kan, Jaime Campomar, fi owó ran iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́. Ní ọdún 1947, Leloir àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé kékeré kan. Òrùlé ilé náà ń jò. Àga tí Leloir ń jókòó lé ti gbó, okùn ni a fi dì í.

Nínú ilé yìí ni wọ́n ti wádìí bí ara ṣe ń lo ṣúgà inú wàrà. Wọ́n rí i pé ṣúgà kì í dá rìn nínú ara: èròjà mìíràn ni ó ń gbé e. Ìmọ̀ yìí ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ láti lóye àrùn kan. Àwọn ọmọ-ọwọ́ kan wà tí ara wọn kò lè yí ṣúgà wàrà padà. Wàrà tí ó yẹ kí ó bọ́ wọn ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ojú wọn jẹ́. Bí a bá tètè mọ̀, tí a sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn, a lè gba ẹ̀mí wọn là.

Ní ọdún 1970, Leloir àti Nicolás Behrens rí alábàárù mìíràn. Irú ọ̀rá kan ni, dólíkọ́ọ̀lì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé ọ̀nà náà títí ó fi yé wọn. Sẹ́ẹ̀lì ń to ṣúgà mẹ́rìnlá jọ sórí ọ̀rá náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àwùjọ ẹ́ńsáìmù kan, tí wọ́n so mọ́ra wọn, á gbé ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ru purotéènì, nígbà tí purotéènì náà ṣì ń di ohun. Ọ̀pọ̀ purotéènì kò lè ká bí ó ti yẹ láìsí ẹrù yìí. Bí iṣẹ́ náà bá dàrú láti inú oyún, ọmọ lè ní àìsàn ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara.

Ní ọdún 1970 kan náà, a fún Leloir ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Òun ni ará Ajẹntínà àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀. Kò torí ìyẹn fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní Buenos Aires ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1987, ní ẹni ọdún 81. Ilé ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí ń jò ṣì wà títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́.