Israel Adebajo: Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó dá Stationery Stores sílẹ̀ fún Èkó

Bí èèyàn bá gba òpópónà Èkó sí Badagry lọ́sàn-án Sátidé, láti Ọ̀jọ́ títí dé Okokomaiko, tí ó sì yà sí ọ̀nà Ìbà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ariwo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pé jọ síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Aṣọ Arsenal, ti Chelsea àti ti Manchester United ló máa ń wà lọ́rùn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́njú bá a pé Èkó náà ti ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí àwọn bàbá wọn fẹ́ràn bí ẹní fẹ́ràn ọmọ bíbí inú ẹni. Stationery Stores ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Olóyè Israel Adebajo, oníṣòwò tó nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù débi pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn láti máa wo ẹgbẹ́ ẹlòmíràn.

Ohun èlò ìkọ̀wé àti ti ọ́fíìsì ni Adebajo ń tà. Nigerian Office Stationery Supply Stores ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́. Ní àkókò tí òmìnira Nàìjíríà ń sún mọ́lé, Èkó ni olú-ìlú, ọ́fíìsì ìjọba, ilé-ìwé àti báńkì sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Kò sí èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí bébà, bírò àti tàdáwà. Ọjà tí Adebajo gbé lọ́wọ́ jẹ́ ọjà tí kò lè kùtà, òwò náà sì gbé e dé ipò ọlọ́rọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Àwọn olówó kan kọ́ ilé, àwọn mìíràn ṣe fàájì. Bọ́ọ̀lù ni Adebajo ná owó tirẹ̀ lé lórí.

Ní ọdún 1958 ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Adebajo Babes ni àwọn ará Èkó ń pè é, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó wá borí. Ẹni tó bá mọ bí bọ́ọ̀lù Èkó ṣe rí nígbà náà yóò mọ̀ pé ìgboyà ńlá ni ọkùnrin yìí ní. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ ní ìlú, ọ̀dọ̀ ìjọba ni agbára wọn ti ń wá. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní tirẹ̀, iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní ECN ní tirẹ̀, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ èbúté náà ní tiwọn. Agbábọ́ọ̀lù kò tíì máa fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà nígbà náà, iṣẹ́ oṣù ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí àpò ìjọba ń bọ́ yìí ni Adebajo gbé ẹgbẹ́ tí àpò ara rẹ̀ ń bọ́ wọ̀.

Pápá ìṣeré tó wà ní Oníkan ni ilé ẹgbẹ́ náà. Pápá yìí ni wọ́n ń pè ní King George V láyé àwọn òyìnbó, tí wọ́n sì ti sọ ní Mobolaji Johnson Arena báyìí. Àárín Èkó gan-an ni ó wà, kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, Láfíàjí àti Ọbáléńdé. Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo eré. Díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò kan di ẹgbẹ́ ìlú. Wọ́n fi orúkọ oríṣìíríṣìí kì í, wọ́n pè é ní Super Stores, wọ́n tún pè é ní Flaming Flamingoes. Ẹni tí kò ra bébà kan rí ní ṣọ́ọ̀bù Adebajo ń fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà yangàn.

Èrè ìfẹ́ náà wá yọ ní ọdún 1967, nígbà tí Stores gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup, èyí tó ga jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà nígbà náà. Ní ọdún 1968, wọ́n tún gbà á. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ọkàn àwọn èèyàn kò balẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wà lára ìwọ̀nba ohun tó ń mú inú ará ìlú dùn. King Sunny Ade, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nídìí orin jùjú, ṣe àwo tó pe orúkọ rẹ̀ ní Challenge Cup, ó fi kan sáárá sí ẹgbẹ́ náà, àwo ọ̀hún sì wà lára èyí tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ní ọdún 1968 yìí kan náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú bọ́ọ̀lù ìdíje Òlíńpíìkì, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ aṣọ Nàìjíríà lọ síbẹ̀ ni ó jẹ́ ọmọ Stores. Lára wọn ni Peter Fregene tó ń ṣọ́ ilé àti Peter Anieke tó ń gbá iwájú. Japan àti Sípéènì borí Nàìjíríà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin náà ta ọ̀mì àmì-ayò mẹ́ta sí mẹ́ta pẹ̀lú Brazil. Ohun tí oníbébà kan dá sílẹ̀ ní Èkó ti dé iwájú gbogbo ayé láàárín ọdún mẹ́wàá.

Adebajo kò pẹ́ lẹ́yìn ayọ̀ yìí. Ó jáde láyé ní ọdún 1969. Yorùbá ní baálé ilé kú, ilé rẹ̀ di ahoro. Ní ti Stores, ilé náà kò tètè dahoro, nítorí pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Bí pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè ṣe dé ní àwọn ọdún 1970, wọ́n bá ẹgbẹ́ wọn lọ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni Haruna Ilerika di ààyò Èkó, ọmọ Stores tó wà lára àwọn tó gba góòlù bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú ìdíje gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Èkó ní 1973. Peter Rufai, aṣọ́lé tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, tí ó kú ní 2025, gbá bọ́ọ̀lù fún Stores nígbà èwe rẹ̀. Ní 1981, ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, kí Union Douala ti Kamẹrúùnù tó borí wọn. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1982, wọ́n tún gbà á ní 1990. Ní ọdún 1992, wọ́n di olúborí líìgì Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ilé ti ń jó. Ohun ìní Adebajo ni ẹgbẹ́ náà jẹ́ lójú òfin, gẹ́gẹ́ bí ilé àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ di ti ilé-ẹjọ́, tí ẹjọ́ ń fa ẹjọ́ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń fà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún àwọn tó ń sanwó wọ pápá kò ní ohùn kankan nínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ife líìgì yẹn, Stores tú ká. Wọ́n gbìyànjú láti jí i dìde lẹ́yìn náà, àmọ́ kò padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́.

Ọdún 1992 tí Stores gba líìgì ni Premier League bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹgbẹ́ Èkó ṣe ń kúrò lójú ayé ni àwọn àwo tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ń wọlé, tí ọjà Alábà tó wà ní Ọ̀jọ́ sì di ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń rà wọ́n. Ọmọ tí ìbá jogún ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ kò rí ẹgbẹ́ náà mọ́, ó wá yan ẹgbẹ́ tí ó rí. Kò yẹ kí á dá a lẹ́bi.

Kì í ṣe Stores nìkan ni irú èyí bá. Leventis United gba Challenge Cup ní 1984 àti 1986, Abiola Babes gbà á ní 1985 àti 1987, àwọn méjèèjì ti pòórá. Olówó tó gbé wọn dìde ni òpó kan ṣoṣo tí wọ́n fara tì. Shooting Stars ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu, tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé ró, ti jìyà ní tiwọn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bẹ.

Owó àti ìfẹ́ ọkàn Israel Adebajo ti tó láti dá ohun ńlá sílẹ̀. Èyí tí ó kù ni kí ohun náà ní ọ̀pọ̀ olówó orí, kí ikú ẹnì kan má lè gbà á lọ́wọ́ ìlú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí Èkó bá tún ní ẹgbẹ́ tí yóò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó wà.