Lillian Wald: Nọ́ọ̀sì Tí Ó Kó Lọ Bá Àwọn Tálákà Gbé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Olùkọ́ tí ó bá rí làpálàpá ní orí ọmọ kan nínú kíláàsì lè rò pé làpálàpá náà ni gbogbo ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀lé ọmọ náà délé, tí ó bá ènìyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan, tí omi jìnnà sí wọn, tí ìyá sì ń ṣàìsàn lórí ẹní, yóò mọ̀ pé oògùn orí nìkan kò lè tán ìṣòro ilé náà. Obìnrin kan wà tí ó tẹ̀lé ọmọdé délé bẹ́ẹ̀, tí ohun tí ó rí níbẹ̀ sì yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Lillian Wald ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá ń rò nípa ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1867 ni a bí i ní ìlú Cincinnati, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, ìdílé wọn sì ti Yúróòpù wá. Ìlú Rochester ni ó ti dàgbà. Ìyà kò jẹ wọ́n nílé, nítorí pé oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó lọ kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn kan ní New York, ó sì yege ní ọdún 1891. Lẹ́yìn èyí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó ní òun fẹ́ di dókítà.

Ní àkókò yìí, apá ìsàlẹ̀ ìlà-oòrùn New York kún fún àwọn àjèjì tí wọ́n ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Ítálì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù wá. Inú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó há gádígádí ni wọ́n ń gbé. Ní oṣù kẹta ọdún 1893, Wald ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò náà bí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún aláìsàn, nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan wọlé, tí ó ń sunkún pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Wald kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ó fi ń kọ́ni, ó sì tẹ̀lé ọmọ náà. Ìdílé ẹlẹ́ni méje ni ó bá nínú yàrá méjì, tí wọ́n tún gba àwọn ayálégbé mọ́ra. Ìyá náà bímọ, ó sì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ méjì ti gbẹ mọ́.

Wald wẹ̀ ẹ́, ó tọ́jú ọmọ, ó sì fọ ilẹ̀ yàrá náà. Ó rí i pé àwọn ará ilé náà kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Àìní ni ó bò wọ́n mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni kò ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà mọ́. Òun àti Mary Brewster, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó lọ sí àdúgbò náà, wọ́n sì gba iyàrá sí òkè pátápátá nínú irú ilé tí àwọn tálákà ń gbé. Ní ọdún 1895, olówó kan tí ń jẹ́ Jacob Schiff fún wọn ní ilé kan ní òpópó Henry, Nọ́mbà 265. Ilé yìí ni òkìkí rẹ̀ kàn ká Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe Wald ni ó kọ́kọ́ rán nọ́ọ̀sì lọ sí ilé aláìsàn. Wọ́n ti ń ṣe é ní Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1859. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe é ni ó yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbé láàárín àwọn tí ó ń tọ́jú. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ránṣẹ́ pè é, ìbá à ṣe pé dókítà kò ì tí ì dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ san díẹ̀, kí ojú má bàa tì í bí ẹni tí ń tọrọ bárà. Ẹni tí kò ní rárá gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí wolé-wolé ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, tí àwọn ènìyàn ń sá fún nítorí ẹjọ́, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Bí àlejò tí onílé pè ni nọ́ọ̀sì Henry Street ń wọlé. Bí ó ti ń wẹ aláìsàn, ni ó ń fi han ìyá tàbí àbúrò bí a ti ń ṣe é, kí wọ́n lè máa ṣe é lẹ́yìn tí ó bá lọ. Ó ń kó àwọn ìyá jọ, ó ń kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ àti bí a ti ń pa wàrà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìdọ̀tí.

Àwọn olùkọ́ ni ó yẹ kí wọ́n fetí sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní New York nígbà náà, àwọn dókítà a máa yẹ àwọn ọmọ ilé ìwé wò, wọn a sì lé ẹni tí ó bá ní àrùn ojú tàbí làpálàpá padà sílé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń tọ́jú àwọn tí a lé. Ní ìgboro ni wọ́n ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣeré, àrùn ń ràn, ẹ̀kọ́ sì ń bàjẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902, Wald yọ̀ǹda nọ́ọ̀sì kan, Lina Rogers, kí ó dán iṣẹ́ wò ní ilé ìwé mẹ́rin fún oṣù kan. Ó tọ́jú àwọn ọmọ ní ilé ìwé, ó sì lọ bá àwọn òbí wọn nílé láti kọ́ wọn. Ìjọba rí àǹfààní rẹ̀, ó sì gba àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1902, àwọn ọmọ tí a lé jáde lé ní 10,000. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1903, wọn kò ju nǹkan bí 1,100 lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Wald kò fi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ní ọdún 1906 ó gba Elizabeth Tyler, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú, sí iṣẹ́, ẹ̀ka kan sì dìde fún àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1909 ó wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìpè fún àpérò tí ó bí ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ilé Henry Street ni ó ti gba àwọn àlejò àpérò náà, dúdú àti funfun, ní ìgbà tí ilé oúnjẹ tí yóò gbà kí wọ́n jọ jókòó ṣọ̀wọ́n. W. E. B. Du Bois, tí ó papòdà ní Accra ní ọdún 1963, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú àpérò náà.

Iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ní ọdún 1909 ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí san owó kí nọ́ọ̀sì lè máa tọ́jú àwọn oníbàárà rẹ̀ nílé. Ní ọdún 1912 àwọn nọ́ọ̀sì irú èyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà, Wald sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1913, nọ́ọ̀sì Henry Street ti di 92.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní dé, Wald dúró lòdì sí ogun ní gbangba. Inú bí àwọn olówó kan, wọ́n sì dá owó ìrànlọ́wọ́ wọn dúró. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku ń pa ènìyàn káàkiri ayé, òun ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kó àwọn nọ́ọ̀sì New York jọ, tí ó sì pe àwọn obìnrin tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì pàápàá láti wá ran ìlú lọ́wọ́.

Lillian Wald kú ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Ní ọdún 1944, ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ilé náà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá dára, kí ìlú tí ó bá lágbára kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àìsàn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, níbi tí dókítà kò lè dé lójoojúmọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ yè, kí ó rán àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lọ sí àárín àwọn ènìyàn, kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: nọ́ọ̀sì nìkan kò lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ nìkan kò lè dá a ṣe.