Robert Owen, Ọ̀gá tí ó fi Òṣìṣẹ́ ṣe Ènìyàn

Ní ọdún 1771 ni a bí Robert Owen ní ìlú Newtown, ní ilẹ̀ Wales. Oníṣẹ́ gàárì ẹṣin ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 10 ni ó wà nígbà tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aláṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sìn kí a tó sìn ín.

Ní ọdún 1800 ó gba àkóso ilé iṣẹ́ òwú ńlá ti New Lanark ní ilẹ̀ Scotland. Ó bá nǹkan bí 500 ọmọ aláìní níbẹ̀, tí wọn ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ di aago méje alẹ́. Owen kọ̀ láti gba irú wọn mọ́, ó sì pàṣẹ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ.

Kò fi pàṣán darí àwọn àgbà. Ó so igi kékeré kan tí ó ní ojú mẹ́rin mọ́ ibi iṣẹ́ olúkúlùkù: ojú dúdú fún ẹni tí ìwà rẹ̀ burú lánàá, ojú funfun fún ẹni tí tirẹ̀ dára jùlọ. Ẹni tí a bá ṣì dá lẹ́jọ́ lè lọ bá Owen fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kò fọkàn tán an, nítorí àlejò ni. Nígbà tí Amẹ́ríkà dáwọ́ títa òwú dúró, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Àwọn ọ̀gá mìíràn lé òṣìṣẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n Owen san owó wọn pé, ó ju £7,000 lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn wọn ti fà sí i.

Àwọn tí wọn jọ ní ilé iṣẹ́ náà kùn pé ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọdún 1813 ó wá àwọn mìíràn tí èrè 5 nínú 100 tẹ́ lọ́rùn. Ní ọdún 1816 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ńlá, ó sì kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ na ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ líle bá a wí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó yọrí. Ìletò tí ó dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1825 tú ká láìpẹ́, ó sì jẹ púpọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1858 ó kú sí ìlú tí a gbé bí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Lọ́la a ó ní ọ̀gá lórí wa, a ó sì ní ọmọ lábẹ́ wa. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i lọ́wọ́ wa.